Bí Mo Ṣe Yan Compiler Tuntun fún Ètò COBOL Wa

Ètò kan tí wọ́n fi COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kọ wà lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ṣírò èlé lóru lórí mainframe IBM, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá. Enterprise COBOL 4.2 ni compiler rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di èdè ẹ̀rọ. IBM dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún ẹ̀dà yẹn ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2022, ni ọ̀gá bá ní kí n wá compiler tí a ó kó lọ síbẹ̀.

Àwọn kan ní ká tún gbogbo rẹ̀ kọ ní èdè Java. Mi ò fara mọ́ ọn. Àwọn tó kọ ètò náà ti fẹ̀yìn tì, òfin ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan, àfi nínú kóòdù fúnra rẹ̀.

Mo yẹ GnuCOBOL wò, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Á yí COBOL sí èdè C, compiler C á wá parí iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ COBOL kò lè rí tó dára jù ú. Àmọ́ EBCDIC, ọ̀nà tí mainframe IBM ń gbà tọ́jú lẹ́tà àti nọ́ńbà, ni fáìlì tiwa. Bí a bá to nǹkan ní EBCDIC, lẹ́tà ló ń ṣáájú nọ́ńbà. Ní ASCII, ọ̀nà tí Linux ń gbà tọ́jú wọn, nọ́ńbà ló ń ṣáájú. Ètò tó gbára lé ìtò yẹn á mú èsì mìíràn jáde, kò sì ní ké gbàjarè.

Bó ṣe ku Enterprise COBOL 6 nìyẹn. Láti ẹ̀dà 5, tó jáde ní 2013, ni IBM ti pààrọ̀ apá compiler tó ń pèsè kóòdù ẹ̀rọ. Ètò tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò lè wà nínú PDS, irú láíbìrì àtijọ́, mọ́; inú PDSE, irú tuntun, ló ń gbé. Ìyẹn rọrùn: a ṣí láíbìrì tuntun, ó parí.

Ààyò compiler tó ń jẹ́ ARCH ló gba àròjinlẹ̀. Òun ló ń sọ fún compiler irú ẹ̀rọ tí yóò pèsè kóòdù fún: ARCH(12) fún mainframe z14, ARCH(13) fún z15. z15 la ń lò, 13 sì ni gbogbo wọn fẹ́. Mo ní rárá o. z14 ni ẹ̀rọ tí a fi pamọ́ de ọjọ́ pàjáwìrì, bí ètò bá sì gbé ìtọ́ni tí ẹ̀rọ kò mọ̀ dé ibẹ̀, àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní S0C1 ni yóò pa á.

Dátà ni iṣẹ́ gan-an. Láyé ọjọ́un, àlàfo ni wọ́n fi sínú àwọn pápá nọ́ńbà kan dípò òdo. Compiler àtijọ́ sábà máa ń kà á sí òdo, ìṣirò á sì máa lọ. Lọ́dọ̀ compiler tuntun, IF, ìtọ́ni tó ń yẹ nǹkan wò, tó ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lè di bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tan ààyò compiler NUMCHECK kó máa tọ́ka sí irú pápá bẹ́ẹ̀, mo tan SSRANGE fún ohun tó bá kọjá ààlà tábìlì. Ìdánwò nìkan ni mo fi wọ́n ṣe, torí wọ́n máa ń fa ètò sẹ́yìn. Ààyò ZONEDATA(MIG) wà tó lè mú compiler tuntun hùwà bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn ká tún dátà ṣe.

A wá gbé ètò méjèèjì, ti compiler àtijọ́ àti ti tuntun, sáré lórí fáìlì ìparí oṣù kan náà, a fi àbájáde wọn wéra báìtì sí báìtì. Gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló já sí àwọn àlàfo yẹn. A kọ ètò kékeré tó sọ wọ́n di òdo, ARCH(12) dúró, ẹ̀dà 6 sì gba iṣẹ́ òru.