Ibà Eégbọn Lára Ajá: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Mí Ní Gbogbo Ìgbà

Ajá mi kò jẹun láti àná, imú rẹ̀ sì gbẹ. Ṣé ibà eégbọn ni?

Ẹ fi imú sílẹ̀. Ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ nídìí: 38.3 sí 39.2 ni ti ajá tí ara rẹ̀ dá. Bó bá ti ju 39.5 lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko yá. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ náà wò. Bí èrìgì bá ti funfun, ẹ má jókòó máa ka èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n n kò rí eégbọn kankan lára rẹ̀.

Ẹ wo inú etí, abẹ́ abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìgbànú ọrùn. Bí ẹ kò bá rí i síbẹ̀, kò tíì tán: eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó á já bọ́, àìsàn tó fi sílẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó yọjú.

Ṣé kí n fún un ní Panadol kí ara rẹ̀ lè tutù?

Rárá. Ibuprofen náà, rárá.

Ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi zobo.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Babesia ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀la. Nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn ni wọ́n máa ń fà sí i lára.

Ó gba abẹ́rẹ́, ó jẹun, inú wa dùn. Kò pẹ́, àìsàn tún gbé e dè.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ó bá èmi náà jà. Alsatian ni Tanímọ̀la, ajá mi. Nígbà tí ibà kọ́kọ́ kọlù ú, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó fi awò wò ó, ó rí Babesia, ó sì gún un ní diminazene. Kíá, ajá ti ń lé aláǹgbá kiri. Àfi bó ṣe tún rọ̀ jọwọrọ, tó ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀, tí àmì pupa wínniwìnni sì yọ sí i níkùn. Ẹnì kan ládùúgbò, tó máa ń gbé báàgì abẹ́rẹ́ kiri tí wọ́n ń pè é ní dókítà, ní ká tún gún diminazene yẹn sí i. Mo ní kó máa lọ. Bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n bá gún un léra wọn, ọpọlọ ajá ló ń bà jẹ́.

Dókítà kejì, tó kàwé rẹ̀, kò wo gíláàsì nìkan. PCV, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún, tó yẹ kó wà láàárín 37 sí 55, ti já sí 19. Platelet, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó lo kíìtì àyẹ̀wò, Ehrlichia, kòkòrò mìíràn tí eégbọn ń gbé kiri, ló yọ. Ajá kan lè ní méjèèjì pọ̀, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Inú ẹ̀jẹ̀ funfun ni Ehrlichia ń fara pa mọ́ sí, ó sì ṣòroó rí lórí gíláàsì. Doxycycline ló ń gbọ́, odidi ọjọ́ 28. Ibí yìí gan-an lẹ ti ń bí mi nínú! Ní ọjọ́ kẹta, kẹrin, tí ajá bá ti ń jẹun, ẹ ó kó oògùn tó kù pamọ́ fún ọmọ tó ń wúkọ́. Ẹ lò ó tán. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe pẹ̀lú mílíìkì, kí ó sì mumi tẹ̀lé e, torí hóró tó bá há lọ́fun á dá egbò síbẹ̀. Bí ẹ bá fi falẹ̀ títí mùdùnmúdùn eegun kò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó lè má gbóògùn mọ́ rárá.

Ó yá tán, ó tún kó o. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún wa?

Ẹ yẹ ilé yín wò ná. Inú ògiri tó sán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ajá, abẹ́ páálí tó ń sùn lé, ibẹ̀ ni abo eégbọn ń lọ yé ẹyin tó lè tó 4,000. Ẹ kó ajá jáde, ẹ fín ibẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ògiri, ẹ tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Gbogbo ajá ilé ni kẹ́ ẹ fún lóògùn eégbọn, kì í ṣe èyí tó ṣàìsàn nìkan.

Karosíìnì ńkọ́? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì?

Ajá lẹ ní, ẹ kò ní jẹnẹrétọ̀. Á bó o láwọ, ajá á sì tún lá a mì.

Ṣé kò ní ran ọmọ mi?

Lílá tí ajá bá lá a kò lè kó Ehrlichia ràn án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èékánná fún eégbọn pa. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti kan awọ, ẹ fà á jáde gbọọrọ, ẹ sọ ọ́ sínú spirit, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yín.