Bí mo ṣe ṣírò ọ̀nà òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù sí Tokyo

Rúlà àti máàpù pẹlẹbẹ ni mo kọ́kọ́ pa tì. Máàpù máa ń na apá àríwá ayé ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ìlà tó gún lórí bébà kọ́ ni ọ̀nà tó yá jù. Ẹ na okùn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Tokyo lórí glóòbù: á gba Norway kọjá, á gòkè dé etí òkun àríwá Rọ́ṣíà, kó tó sọ̀ kalẹ̀ gba Siberia.

Pápákọ̀ òfurufú ni mo fi ṣírò, kì í ṣe àárín ìlú. Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní digíríì 51.47 àríwá, 0.45 ìwọ̀-oòrùn. Haneda ní Tokyo wà ní 35.55 àríwá, 139.78 ìlà-oòrùn. Nítorí pé ọ̀kan wà ní ìwọ̀-oòrùn, tí èkejì wà ní ìlà-oòrùn, ṣe ni mo ro 0.45 àti 139.78 pọ̀: 140.23. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà, màá yọ kékeré kúrò nínú ńlá.

Ìṣirò náà rèé (sin àti cos jẹ́ bọ́tìnì lórí ẹ̀rọ ìṣirò):

sin 51.47 × sin 35.55 = 0.4548
cos 51.47 × cos 35.55 × cos 140.23 = −0.3895

Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.0653. Mo tẹ acos, bọ́tìnì tó ń yí èsì cos padà sí digíríì, ó gbé digíríì 86.26 jáde. Digíríì kan jẹ́ kìlómítà 111.19 lórí ilẹ̀ ayé, torí náà ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 9,590.

Ibi méjì ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí RAD (rédíànì, ọ̀nà mìíràn láti wọn igun) dípò DEG (digíríì). Ẹ tẹ cos 60: bí kò bá jẹ́ 0.5, ẹ yí i padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 0.3895. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á rí nǹkan bíi kìlómítà 3,600, Tokyo á wá sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́nà tí kò ṣeé gbà gbọ́.

Ó wá ku wákàtí. Mo fi 900 kìlómítà ní wákàtí kan pín in, eré tí bàálù ńlá máa ń sá lókè nìyẹn: wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 39. Mo fi ìdajì wákàtí kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, ó di nǹkan bíi 11 àti ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fi èyí ra tíkẹ́ẹ̀tì o! Láti ọdún 2022, bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jàpáànì kò gba ojú òfurufú Rọ́ṣíà mọ́. Wọ́n ń yí po ni, ìrìnàjò náà sì ń gbà tó wákàtí 14. Afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn tún máa ń ti ẹni tó ń lọ sí Tokyo lẹ́yìn, á sì máa dá ẹni tó ń padà bọ̀ dúró. Bí kìlómítà kò tilẹ̀ yẹ̀, wákàtí á máa yí, nítorí náà ètò ìrìnàjò ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wò.

Aago ìlú náà ṣe pàtàkì. Tokyo fi wákàtí 9 ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí di ti oṣù kẹwàá, ó di 8, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sún aago síwájú, Jàpáànì kì í sún tirẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní aago 11 àárọ̀ nínú oṣù kìíní, tó sì lo wákàtí 14, aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa bá ní Tokyo. Bó bá jẹ́ oṣù keje, aago 9 ni.