Bí Ìwé Wàrà Ṣe Dúró Fún Mi Tí Mo Fi Ra Màlúù Kejì

Nígbà tí mo ní màlúù kan ṣoṣo, wàrà òwúrọ̀ nìkan ni mo ń rí tà. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi máa ń gun alùpùpù wá láàárọ̀, kì í padà wá nírọ̀lẹ́. Tí wàrà bá pọ̀ níta, á dín iye tó ń san kù. Tí ọjà rẹ̀ ò bá tà, á ní kí n mú sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màlúù kejì ni mo ń wá lójú méjèèjì, torí màlúù kan ò lè gbé ilé ró. Ó gbọ́dọ̀ sinmi wàrà fún nǹkan bí ọjọ́ 60 kó tó bímọ, owó kankan kì í sì wọlé ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń yáni lówó. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, mi ò sì ní in. Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń sin màlúù tipẹ́ ló wá sọ fún mi pé, "Wàrà rẹ gan-an lè dúró fún ẹ. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olówàrà.

Kí n tó san owó ìwọlé àti owó ìpín, mo bi akọ̀wé ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà wo lẹ ń sanwó? Ṣé mo lè dúró ti ẹni tó ń wọn wàrà? Tí ẹ bá kọ wàrà mi, ṣé ẹ máa sọ ìdí rẹ̀? Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́ síwájú mi: ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, ì báà ní màlúù 20, ì báà ní ẹyọ kan. Ẹni tí wọn ò bá dá lóhùn tó yè kooro lórí ìbéèrè wọ̀nyẹn, kó má tíì sanwó.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá wàrà mi padà. Inú kẹ́ẹ̀gì oníke ni mo gbé e wá, ti alẹ́ àná àti ti òwúrọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọmọbìnrin tó ń gba wàrà bu díẹ̀ sínú gíláàsì kékeré, ó da ọtí ìdánwò tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu lé e, ó mì ín, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, mà." Hóró funfun wínníwínní ti lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Wàrà tó dára máa ń ṣàn sílẹ̀ ni, ara gíláàsì á sì mọ́ lóló. Tèmi ti ń kan.

Ó dùn mí wọra, torí mo ti jí ní kùtùkùtù kí n tó gbé e dé ibẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà fara balẹ̀ là mí lọ́yẹ. Wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́mú gbóná bí ara màlúù, nǹkan bí ìwọ̀n 38 ti Celsius, inú ooru yẹn sì ni àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ti ń yára pọ̀ sí i. Ọrùn kẹ́ẹ̀gì ò gba ọwọ́, wàrà àná sì máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Ó ní kí n máa gbé wàrà wá láàárín wákàtí méjì tí mo bá fún un, kí wọ́n lè tètè mú un tutù dé ìwọ̀n 4 nínú táǹkì wọn, àti pé àwọn ń gbà nírọ̀lẹ́ náà.

Mo ra garawa onírin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, màá sì dojú rẹ̀ dé kó gbẹ nínú oòrùn. Kí n tó fún wàrà, mo ń fọ ọmú, mo ń nù ún gbẹ, mo sì ń fún ìṣàn àkọ́kọ́ láti orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ife dúdú, kí n lè rí i bí ó bá dì tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Wọn ò dá wàrà mi padà mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tí màlúù gba abẹ́rẹ́, torí oògùn máa ń bọ́ sínú wàrà, èmi fúnra mi ni mi ò gbé wàrà lọ títí iye ọjọ́ tí dókítà ẹran dá fi pé.

Irú ẹgbẹ́ olówàrà báyìí ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kaira ní Íńdíà jà fún ní 1946, nígbà tí wọ́n kọ̀ láti máa ta wàrà fún oníṣòwò kan ṣoṣo, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Anand. Ìgbà tí wàrà ìrọ̀lẹ́ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìwé wàrà, ìyẹn ìwé tí ẹgbẹ́ ń kọ iye lítà tí mo bá gbé wá sí, ni mo tó mọ bí ohun tí wọ́n ṣe ti tó.

Owó wàrà mi kì í wá sọ́wọ́ mi tààrà. Ní ìparí oṣù, inú ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó ni ẹgbẹ́ olówàrà ń san án sí, wọ́n á yọ iye tí mo ní kí wọ́n máa fi pamọ́, n óò wá gba ìyókù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo lè béèrè ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo fi pamọ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta bá fọwọ́ sí i pé àwọn á dúró fún mi.

Akọ̀wé ẹ̀yáwó gba ìwé wàrà mi. Oṣù tí mo gbé lítà 390 wá ni mo fẹ́ kó wò. Ó ṣí i kọjá, ó sì fi ìka lé oṣù tí ó kéré jù, lítà 215. "Èyí ni màá fi ṣírò, mà. Oṣù tó le ni gbèsè máa ń dunni." Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí màlúù máa sinmi wàrà, ó sì fi oṣù méjì yẹn sílẹ̀ láìsí ìyọkúrò gbèsè. Kò sí ibi tí mo ti yáwó rí tí wọ́n ti mọ̀ pé màlúù máa ń sinmi. Ìdí sì nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ méjèèjì máa ṣe é pọ̀: ọ̀kan mọ wàrà, èkejì mọ owó.

Àwọn tó dúró fún mi kò ṣe é lójú àánú. Wọ́n mọ̀ pé tí mi ò bá san án, a ó yọ ọ́ lára owó tiwọn. Báyìí ni Friedrich Wilhelm Raiffeisen ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó tirẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ Heddesdorf ní Jámánì ní 1864: àwọn tó mọra wọn ló ń ṣe onídùúró fún ara wọn.

Nígbà tí owó dé, dókítà ẹran ẹgbẹ́ bá mi lọ wo màlúù. Ó ti ọwọ́ wọ ìdí rẹ̀ láti yẹ oyún wò, ó ní ó ti pé oṣù mẹ́fà, ó wá fọwọ́ tẹ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wu ẹni tó ń tà á, àmọ́ ó dúró. Èsì àyẹ̀wò oyún yẹn ni mo fẹ́: nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wàrà á bẹ̀rẹ̀, gbèsè náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni oúnjẹ ẹran àwìn. Ẹgbẹ́ á fún ọ, á sì yọ owó rẹ̀ lára owó wàrà, ó rọrùn, àpò sì ń pọ̀ sí i láìmọ̀. Mo rí ẹni tó gbé wàrà wá lójoojúmọ́ fún oṣù kan, tí ìwé rẹ̀ sì jẹ́ òfo ní ìparí oṣù. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí ń gba àpò tuntun tí mi ò bá tíì wo iye tó ti wà lọ́rùn mi.

Oṣù tó kọjá, ìlà ìyọkúrò gbèsè inú ìwé mi di òfo. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aládùúgbò mi kan ní kí n dúró fún òun. Mo ní kó gbé ìwé wàrà rẹ̀ wá. Mo kà á láti oṣù àkọ́kọ́ dé ìkẹfà, mo fi ìka lé èyí tó kéré jù, mo bi í ìgbà tí màlúù rẹ̀ máa sinmi wàrà, kí n tó fọwọ́ sí i.