Lílo lẹ́ǹsì àtijọ́ lára kámẹ́rà mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú)

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹ bá ní lẹ́ǹsì àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, ẹ má ṣe tà á lọ́pọ̀. Láti ẹnu kámẹ́rà mirrorless Sony E, níbi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ sí, dé orí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, nígbà tí lẹ́ǹsì Nikon F ń béèrè 46.5, nítorí náà òrùka ìsopọ̀ lásán, tí kò ní gíláàsì kankan nínú, ti tó láti dí àlàfo tó kù. Bí kámẹ́rà bá kọ̀ tí kò yàwòrán, ẹ wá “Release w/o Lens” (yíyàwòrán láìsí lẹ́ǹsì) nínú ètò rẹ̀, kí ẹ sì gbà á láàyè. Bí ẹ bá ń ya ojú ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ ṣí ihò lẹ́ǹsì gbayawu, ẹ sọ àwòrán inú kámẹ́rà di ńlá, kí ẹ sì máa rọra yí òrùka ìjìnnà tó wà lára lẹ́ǹsì títí irun ìpéǹpéjú yóò fi hàn ketekete. Àwọ̀ pupa tí kámẹ́rà fi ń tọ́ka sí ibi tó mọ́ máa ń tan ni jẹ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú èrò ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ẹnuwá, ta ló ráyè àtimáa rọra yí òrùka? Bí lẹ́ǹsì yín bá jẹ́ mìlímítà 28 lórí kámẹ́rà full-frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù mìlímítà 35), ẹ gbé ihò sí f/8, ẹ gbé ìjìnnà sí mítà 3, kí ẹ sì fi ọwọ́ kúrò lára òrùka: ohun tó wà láti nǹkan bíi mítà 2 lọ sí ìta yóò mọ́ níwọ̀nba.