Pákó bákónì tó ti jẹrà: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí ṣáá, àti ìdáhùn

Kubwa o, Gwarinpa o, Lugbe o, gbogbo ẹ̀yin ará Abuja, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Mo ti kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó pè.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pákó ti rà?
Ẹ fi ẹnu skúrúdráfà gún un. Tó bá wọlé wọ̀ọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, ó ti rà nìyẹn.

Ṣé mi ò lè fi ọ̀dà bò ó?
Rárá.

Mẹkáníìkì ní kí n da ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́m sí i ńkọ́?
Ó máa yọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa kán sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀, ọ̀dà ò sì ní mú un mọ́. Ẹ ra Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí pákó tètè rà, kẹ́ ẹ fi kun pákó yíká, pàápàá ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e.

Pákó wo ni kí n rà?
Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Dei-Dei, ẹ ra àpá tàbí ìrókò. Ó wọ́n, mo mọ̀. Arère ò ṣeé lò níta, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta pákó tútù fún yín, tí ọyẹ́ bá dé ó máa sún kì, á tún lọ́, skúrù á sì máa yọrí. Ẹ fi àlàfo sáàárín pákó kan sí ìkejì, bí ìṣó ínǹṣì 4 ṣe nípọn tó ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe gígùn ẹ̀, kí omi lè ríbi gbà. Skúrù tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìṣó, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi drílì lu ihò rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tú u tí mi ò ní já bọ́?
Ẹ má tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ yọ ọ̀kan tàbí méjì, ẹ fi tuntun rọ́pò, kẹ́ ẹ tó sún síwájú. Ẹ fi igi gbé e láti ìsàlẹ̀, ẹ dí ọ̀nà ibẹ̀ kí ọmọ kankan má kọjá, orí pákó tó ṣì le lẹ máa dúró sí, ẹ má fara ti réélì o, torí réélì náà lè ti rà nídìí.

Ọ̀gá, èṣí ni mo pààrọ̀ ẹ̀, ibì kan náà ló tún rà. Ṣé pákó ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?
Ó lè jẹ́ pákó, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà omi ni. Pákó tó bá gbẹ kì í rà, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Mọ́mì kan ní Gwarinpa, àwọn pákó tó sún mọ́ ògiri ni, a pààrọ̀ wọn, kí ọdún tó yí po wọ́n tún ti rọ̀. Wọ́n pe onípáànù, ó ní òrùlé ò jò. A kó ìkòkò òdòdó kúrò, kò yí padà. Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni pé oṣù kẹta ni mo lọ wò ó, òjò ò tíì rọ̀ rárá látìgbà tó ti dá ní oṣù kẹwàá, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, àmọ́ igi tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri yẹn tutù rinrin. Òjò wo nìyẹn? Mọ́mì ní balùwẹ̀ ni, pọ́ńbà ti gbé hámà àtifọ́ táìlì, mo ní kó dúró ná. Mégádì wọn, tó máa ń tẹ́ ẹní sábẹ́ bákónì yẹn, ló wá sọ̀rọ̀ tẹ́nì kankan ò bi í: ó ní nígbà tí transfọ́mà àdúgbò bàjẹ́ tí ò síná, omi ò kán sí òun lára rárá, ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ló tún bẹ̀rẹ̀. Iná àti omi, kí ló pa wọ́n pọ̀? AC ni! Ẹni tó kọ́lé sin páìpù omi AC sínú pílásítà, ó gba ẹ̀yìn igi yẹn gan-an, bóòtù kan sì ti lu ú, gbogbo òru tí wọ́n bá tan AC lomi ń sun síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A fa páìpù tuntun gba ìta, a pààrọ̀ igi ara ògiri, a ní kí gbogbo ẹ̀ gbẹ dáadáa ká tó kan pákó. Kò tíì rà títí dòní. Torí náà, tí tiyín bá ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ pa AC fún bí ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan ni, ẹ yẹ ojú ibi tí igi àti ògiri ti pàdé wò, omi máa ń gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn igi.

Igi abẹ́ gan-an ló rà, ṣé mo lè kan òmíràn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́?
Tó bá jẹ́ ìdí tó wọ ògiri ló rà, ẹ fi hámà sílẹ̀. Igi yẹn ló gbé gbogbo bákónì dúró, tó bá já, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ̀ nílẹ̀ tèèyàn tèèyàn. Ẹ pe káfíńtà tó ti ṣe bákónì rí, kì í ṣe ẹni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì. Títí tó fi máa dé, ẹ ti ilẹ̀kùn bákónì pa, kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ.