Ọmọ yín ń jáwọ́ nínú oògùn olóró? Ẹ má ná gbogbo owó yín tán lóṣù àkọ́kọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ ta ilẹ̀ tàbí yáwó èlé tórí ọmọ tó ń mu kọlorádò tàbí tó ń gbé tírámádọ́ọ̀lù mì, ẹ ka èyí ná. Àjọ tí màmá wa kó ní Ìdúmọ̀tà, odidi ẹ̀ la kó fún ríháàbù aládàáni kan, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń lo oògùn olóró, lẹ́ẹ̀kan náà, rìsíìtì gan-an wọn ò fún wa, ọ̀sẹ̀ 6 ni àbúrò mi lò níbẹ̀, ó sanra, ojú ẹ̀ mọ́, gbogbo wa ń dúpẹ́, ìgbà tó délé la tó rí i pé kò sí kọ́bọ̀ tá a máa fi gbé e padà lọ rí dókítà, kò pé oṣù 2 tó fi tún padà sábẹ́ bíríìjì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Torí ẹ̀, owó ìgbà tó bá jáde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé ìtọ́jú tí ò bá pé oṣù 3 kì í sábà mú, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo ẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ibì kankan gbà ju ìdajì ohun tẹ́ ẹ ní lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyókù ni ti dókítà, tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, owó ọkọ̀, àti ibi tó ti máa kọ́ṣẹ́, torí ọmọ tó bá jókòó sílé tí ò ríkan ṣe, àwọn tó ń tà á fún un mọ ilé yín.

Ọsibítù ìjọba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ti Yábàá, ọsibítù àrùn ọpọlọ, ti wà láti 1907, orúkọ “Yaba Left” táwọn èèyàn ń pè é ló ń bà wá lẹ́rù, ìtìjú yẹn gan-an ló ń kó owó wa lọ fáwọn tó ń gbówó gegere. Wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ oògùn olóró níbẹ̀, ẹ̀ka wọn ní Òṣòdì sì wà fáwọn ọmọdé àtọ̀dọ́. Àwọn ọsibítù ńlá ìjọba bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkejà náà ní dókítà ọpọlọ. Ẹ béèrè àwọn sósà wọ́kà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù tó ń ran aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ sọ iye tó ń wọlé fún yín láìbù mọ́ ọn, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, bóyá ọmọ náà lè máa tilé wá. Tẹ́ ẹ bá ní Ìlera Èkó, ìyẹn ìdójútòfò ìlera ti ìjọba Èkó, ẹ bi wọ́n ohun tó máa san níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbà yín níbẹ̀, ẹ má sá fún un.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dín owó kù kẹ́ ẹ wá tì í mọ́lé fúnra yín. Ẹni tó ń mu ọtí gan-an tàbí tó ń lo Rohypnol, ìyẹn oògùn oorun, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e.

Ní ti owó, ẹ dá àjọ ẹbí, kálukú máa dá tiẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹni tọ́mọ náà ò lè rọ̀ mọ́ lọ́rùn máa mú un, kó má jẹ́ ìyá ẹ̀ láéláé. Tààrà sí àkáǹtì ọsibítù ni kẹ́ ẹ sanwó. Ẹ lọ bá áfáà nítorí sàká, tàbí pásítọ̀ nítorí owó wẹ́fíà, àmọ́ ní kọ̀rọ̀ o, ẹ má gbé fọ́tò ọmọ yẹn sórí Facebook láti fi tọrọ owó, ọmọ yìí ṣì máa wáṣẹ́, ó ṣì máa gbéyàwó.

Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣéènì de ọmọ tàbí nà án, tí wọn ò lè sọ dókítà tó wà níbẹ̀, ẹ jáde.

Ẹ sì tún fi díẹ̀ pamọ́ nítorí bó bá tún ṣubú, ó ń ṣẹlẹ̀. Ara ẹni tó ti fi tírámádọ́ọ̀lù sílẹ̀ ò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, ó lè pa á, torí náà ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yáwó kiri. Tiwa wà lọ́wọ́ àǹtí wa ní Mushin. Oṣù 11 rèé, a ò tíì fọwọ́ kàn án.