Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Ilẹ̀ àti Ìwé Owó-orí Wá Bàbá Ńlá Wa Rí ní Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bàbá ńlá rẹ̀ tó gbé Èkó nígbà ìjọba òyìnbó, orúkọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dì mú, ibẹ̀ sì ni ìwádìí ti máa ń forí ṣánpọ́n. Akọ̀wé ìjọba kọ orúkọ Ọba Dòsùnmú sílẹ̀ ní Docemo. Orúkọ apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó lè dà rú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé tí ẹbí ń gbé tàbí tí wọ́n gbé rí, kí ẹ sì máa tọ ọwọ́ tó ti kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ bèèrè orúkọ agboolé àti orúkọ àwọn tó múlé tì í lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹbí bá jẹ́ Sàró (àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone) ní Olówógbowó tàbí Àgùdà (àwọn tó padà wálé láti Brazil) ní Pópó Àgùdà, ẹ gba orúkọ òyìnbó àti orúkọ Yorùbá wọn, nítorí èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lè wà nínú ìwé.

Lára ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ ó rí nọ́ńbà, ojú ewé àti ìdìpọ̀. Ẹ dà wọ́n kọ gẹ́lẹ́, torí àwọn ni kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ó mú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Àlàúsá. Ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ròyìn ẹni tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó jogún rẹ̀, nígbà mìíràn títí dé Crown Grant, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba òyìnbó, tí gómìnà fún ẹnì kan lẹ́yìn tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Orúkọ tó wà lórí Crown Grant kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó ni ilẹ̀. Ní Ẹpẹ́tẹ̀dó, níbi tí àwọn tó bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862 tẹ̀dó sí, orúkọ àwọn olórí agboolé ni wọ́n kọ sórí ìwé, àwọn èèyàn wọn sì ń gbé lábẹ́ wọn. Bákan náà, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pè, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1921 pé ti ẹbí àti ará ìlú ni ilẹ̀, olóyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá rí bàbá ńlá yín, ẹ wá olórí rẹ̀.

Ní ti owó-orí, èmi gbà pé owó tí wọ́n bù lé ilé wúlò jù. Owó omi tí ará Èkó fẹ̀hónú hàn sí ní 1908 àti 1916, onílé ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń so orúkọ mọ́ ilé. Ẹ má sì ṣe rò pé ìyá ńlá yín kò ní nǹkan kan nítorí pé kò sí nínú ìwé owó-orí. Ní 1940, obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un ju pọ́n-ùn 50 lọ lọ́dún ni òfin owó-orí tuntun kọ́kọ́ dé bá. Lẹ́yìn tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà kó àwọn obìnrin ọjà jáde, ìjọba gbé e lọ sí pọ́n-ùn 200.

Ẹ béèrè fáìlì ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Kólónì Èkó tí wọ́n kọ COMCOL 1 sí lára ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé tí gómìnà Èkó kọ sí Lọ́ńdọ̀nù títí di 1906 wà ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ nọ́ńbà CO 147.

Ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣeré jóná ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìwé ẹjọ́ sì bá a lọ. Bí ẹ̀dà ìdájọ́ kan bá wà nínú àpótí ẹbí yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì nínú ẹbí, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde nílé.